Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Apànìyàn Ò Ní Rọ́nà Gbà ní Wọ́ọ̀dù Wa

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, mẹ́ta ló dá lórí fíìmù abàmì. N ò mọ ohun tó ń ṣe yín. Nígbà tí wọ́n gbé ojú ìwé yìí fún mi, ohun tí wọ́n ní kí n máa dáhùn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọmọ tí kì í jẹun. Àmọ́ ọdún 35 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Abẹ́ Kwara la ṣì wà nígbà tí wọ́n gbà mí, ẹnu iṣẹ́ náà ni 1991 ti bá mi tí wọ́n sọ wá di ará Kogi, ó sì ju ìdajì ọdún wọ̀nyẹn lọ tí mo fi ṣe iṣẹ́ òru. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ òru pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó bá fẹ̀yìn tì tán, oorun kì í tètè kùn ún. Fíìmù abàmì ni mo fi ń rọ́pò oorun. Èmi àti ọmọ àbúrò mi tó wà ní Lọ́kọ́ja la jọ máa ń wò ó, òun á bo ojú, èmi á máa bá àwọn dókítà inú rẹ̀ jà.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, ní ìpá. Dókítà ní kí á mú un wá fún iṣẹ́ abẹ nígbà ìsinmi, ọmọ ní òun ò lọ. Ó ti wo fíìmù kan lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Halloween II, níbi tí apànìyàn kan ti wọ ọsibítù lóru tó ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní síríǹjì tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán, ni wọ́n fi gún nọ́ọ̀sì kan tó fi kú. Ṣé afẹ́fẹ́ ń pa èèyàn ni? Kí ni kí n wí fún un? — Bàbá kan, Mọ̀pà.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Afẹ́fẹ́ lè pa èèyàn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń ba ọmọ yín lẹ́rù. Hóró kékeré tó máa ń wà nínú rọ́bà dríìpù, tí ẹbí aláìsàn á fi sáré wá jí mi pé, "Nọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ́ o!", kò pa ẹnì kankan lójú mi rí. Á bá ẹ̀jẹ̀ dé inú ẹ̀dọ̀fóró, á tú ká níbẹ̀. Ó ní láti pọ̀ gan-an, kó sì rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó lè dí ọkàn lọ́wọ́. Ẹ̀bátí ni wọ́n sì ti gún obìnrin inú fíìmù yẹn. Ta ló ń wá iṣan ní ẹ̀bátí àgbàlagbà? Ọmọ ìkókó là ń wá iṣan orí fún, nígbà tí tọwọ́ bá ṣòroó rí.

Mo mọ fíìmù náà dáadáa. 1981 ló jáde. Rick Rosenthal ló darí rẹ̀, John Carpenter àti Debra Hill ló kọ ọ́. Alẹ́ tí ti àkọ́kọ́, ti 1978, parí sí gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀: dókítà ti yin apànìyàn náà, Michael Myers, níbọn lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ti já láti òkè ilé, wọ́n bojú wolẹ̀, wọn ò bá a níbẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọmọbìnrin tó yè lọ sí ọsibítù, abàmì náà sì tẹ̀ lé e. Jamie Lee Curtis ló ṣe ọmọbìnrin yẹn. Wíìgì ni ẹ ń rí lórí rẹ̀, torí pé ó ti gé irun tirẹ̀ kó tó di pé wọ́n ya apá kejì.

Èmi ò sá fún apànìyàn yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló bí mi nínú. Ó so ọ̀gá nọ́ọ̀sì kan mọ́ tábìlì, ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ níṣan, ẹ̀jẹ̀ sì dà sílẹ̀ títí obìnrin náà fi kú. Ó dáa. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó bí lítà 5. Ẹni tó wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, abẹ́rẹ́ ńlá la fi ń gbà á, kò sì tó ìdajì lítà tá à ń gbà, síbẹ̀ ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dì mọ́ ẹnu rọ́bà. Apànìyàn yẹn ì bá ti lọ gbé àga wá kó jókòó, kó jẹ ẹ̀pà. Ó tún ri ojú nọ́ọ̀sì mìíràn bọ inú agbada omi gbígbóná. Omi gbígbóná! Nínú wọ́ọ̀dù wo? Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, inú fláàsì tí ìyàwó aláìsàn gbé wá láti ilé ni omi gbígbóná ti ń wá. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti kan sáárá sí wọn ni ìparí, nígbà tí wọ́n tú ọ́síjìn sílẹ̀ pẹ̀lú ítà, oògùn tí wọ́n fi ń kun aláìsàn lóorun láyé ìgbà náà, tí dókítà ṣáná sí i. Ítà ń gbaná bíi pẹtiróòlù. Ọ́síjìn fúnra rẹ̀ kì í jó, ṣùgbọ́n ó máa ń fún iná lágbára. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ kì í gbà kí á mú ìṣáná kọjá ilẹ̀kùn tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan: nínú fíìmù yẹn, ìyá ta ló sùn ti aláìsàn ní wọ́ọ̀dù? Àbúrò ta? Kò sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, kò sí ẹnì kan tó tẹ́ ẹní. Ìyẹn ni apànìyàn fi rí àyè rìn. Kó wá dán an wò níhìn-ín. Aago mọ́kànlá alẹ́, kó gba ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ọkùnrin wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ. Á kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ ìyá kan tó sùn sílẹ̀, ìyá á ní, "Ta nìyẹn? Ṣé o ò ríran ni?" Á kọ lu kúlà ọbẹ̀. Àwọn tó ń gbàdúrà fún bẹ́ẹ̀dì kẹrin á rò pé pásítọ̀ ló dé, wọ́n á fà á mọ́ra. Kó tó dé bẹ́ẹ̀dì kẹfà, wọ́n á ti bi í léèrè ọmọ ta ló jẹ́, Yàgbà ni àbí Ìjùmú, ẹbí ta ló wá wò, ó sì di dandan kó dáhùn.

Torí náà, ẹ mú un lọ sí wọ́ọ̀dù ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kó ka iye èèyàn tó bá níbẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ máa tẹ́ ẹní yín sí fún un. Kí dókítà tó máa kùn ún lóorun bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìsinmi yìí kọjá o. Tí ìfun bá há síbi ìpá, tó le, tó ń dùn ún, tó sì ń bì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìsinmi nìyẹn, òru ọjọ́ náà ni ẹ máa gbé e dìgbàdìgbà.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí apànìyàn inú fíìmù kì í sáré, tó sì máa ń bá àwọn tó ń sáré? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ẹ̀gbẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ṣé o ti wo eégún rí? Eégún ọmọdé ló ń sáré lé èèyàn kiri. Eégún àgbà ń rìn ni, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ìwọ lo máa wá ọ̀nà gbà. Àwọn tó ṣe Halloween àkọ́kọ́, ti 1978, mọ nǹkan yìí. Níbi tí wọ́n to orúkọ òṣèré sí, wọn ò pe ẹni tó wà nínú ìbòjú ní Michael, "The Shape" ni wọ́n kọ. Òjìji kì í kánjú.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwa ọ̀dọ́ mẹ́fà ní Kàbbà fẹ́ ṣe fíìmù abàmì. Òkú dókítà kan ló máa padà sí ọsibítù tó ti dahoro, á máa fi ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ pa àwọn tó bá sùn síbẹ̀. A fẹ́ kó wọ aṣọ pupa, bí aṣọ ìpò tí wọ́n ń tẹ́ fún òkú àgbà. Owó ọwọ́ wa ò pọ̀. Kí la lè fi ṣe ẹ̀jẹ̀? Kí sì lẹ rí sí ìtàn náà?

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn sí lẹ́tà yìí ju gbogbo ìyókù lọ, kí bàbá Mọ̀pà má bínú.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń pọ́n yòò. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á ṣú, á dì bí ògì. Tó bá di ọjọ́ kejì lára aṣọ, àwọ̀ irin tó dípẹtà ló ń ní. Èyí tí mò ń rí nínú fíìmù wa, tòmátò inú agolo ni, ó kàn kù kí wọ́n fi ata sí i. Nígbà tí Hitchcock ṣe Psycho ní 1960, omi ṣokoléètì ló lò, torí pé fíìmù dúdú-funfun ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Tiyín ní àwọ̀. Ẹ se ṣúgà títí tí á fi ki, tàbí kí ẹ lo oyin, ẹ fi àwọ̀ pupa tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò sí i, kí ẹ wá bu kòkó lílọ̀ bíńtín sí i kí pupa yẹn lè wálẹ̀. Ẹ kán an sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun lábẹ́ iná tí ẹ fẹ́ fi ya fíìmù gan-an, kí ẹ wò ó nínú kámẹ́rà kí ẹ tó se èyí tó pọ̀. Ẹ má lo ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́. Eṣinṣin á bò yín, kò sì mọ́. Ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ tòótọ́ náà, rárá o. Ẹ gé páálí, ẹ lẹ bébà fàdákà mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀ nínú ilé tó dahoro yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, àìsàn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV wà nínú ohun tó lè ti ibẹ̀ wá.

Ẹ má jẹ́ kí àìlówó kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Ìbòjú Michael Myers tí gbogbo ayé ń sá fún, ìbòjú ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú inú Star Trek ni, ojú William Shatner, òṣèré tó ṣe ọ̀gá náà. Ṣe ni wọ́n rà á ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fẹ ihò ojú rẹ̀.

Ó wá ku aṣọ ìpò. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi sílẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Búnú ni, ahunṣọ ni. Òun ló sọ fún mi pé okùn pupa tí wọ́n fi ń hun aṣọ ìpò láyé ìgbà tiwọn, bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù ni wọ́n ń tú. Òyìnbó á kó bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa wá, àwọn ahunṣọ á rà á, wọ́n á tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n á wá fi hun aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ fún òkú àgbà ìjòyè. Mo mọ̀ pé ojú yín ti ń tàn bí ẹ ṣe ń ka ìyẹn, ọsibítù àti òkú nínú fọ́nrán kan náà, ẹ ti ń rò ó sínú fíìmù. Síbẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀. Òkú tí wọ́n tẹ́ aṣọ ìpò fún, òkú tó ní èèyàn ni. Ọmọ rẹ̀ náwó, àna rẹ̀ wá, wọ́n lù, wọ́n jó. Irú òkú bẹ́ẹ̀ kì í gbé ọ̀bẹ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín òru. Ará Búnú tó bá wo fíìmù yín á kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ohun tó ń ba tiwa lẹ́rù yàtọ̀. Òyìnbó ṣe Nightmare on Elm Street apá kẹta ní 1987, ọsibítù àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé ló fi ṣe ilé, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ò fẹ́ sùn nítorí pé ojú àlá ni apànìyàn ti ń pa wọ́n. Àwọn dókítà ò gbà wọ́n gbọ́, wọ́n fi àsìkò gígùn jiyàn lé e lórí. Ìyá mi ì bá ti mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, á ní kí wọ́n yéé jẹun lójú àlá. Ẹ ò lè fi ìyẹn dẹ́rù ba Kàbbà. Ẹ wo àkúdàáyà dípò. Ó kú níhìn-ín, ó lọ ń gbé ibòmíràn, ó fẹ́yàwó, ó ń tajà, kò pa ẹnì kankan. Ohun tó ń mú irun wa dìde ni pé a ti bá a nájà, a ti gba ṣéńjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní èmi ni mo ni ìtàn yín, òkú dókítà yẹn á ṣì máa wo aláìsàn, oògùn tó bá kọ á sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí obìnrin kan mú ìwé oògùn náà délé, kí ọkọ rẹ̀ wo ìbuwọ́lù tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó sì dákẹ́.

Bí ẹ bá sì takú pé ẹ fẹ́ kí ọsibítù ṣófo, ẹ sọ ohun tó lé àwọn èèyàn, torí pé kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́ lásán. Ìyanṣẹ́lódì ni kẹ́ ẹ lò. Tí dókítà bá ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, ọjọ́ méjì péré, wọ́ọ̀dù á dà bí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ajé.

Kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ tó tà á, ẹ gbé e lọ fún àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, National Film and Video Censors Board. Òfin 85 ti ọdún 1993 ló dá wọn sílẹ̀. Pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń sọ yìí, 18 ni kí ẹ máa retí pé wọ́n á kọ sára rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ rí ohun abàmì rí lẹ́nu iṣẹ́ òru? — Ìyá Ìbejì, Ìsánlú.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Mo ní ìtàn ẹ̀rín kan tí mo máa ń fi dáhùn ìyẹn, ti ìró bàtà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù obìnrin láàárín òru, tí àwa nọ́ọ̀sì méjì wọ abẹ́ tábìlì kan náà, tó wá jẹ́ pé ìyá àgbà kan ló ń yọ́ jáde lọ tọ̀ sẹ́yìn ilé nítorí pé ó kórìíra páànù tí aláìsàn ń tọ̀ sí. Ẹ̀yin sì ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi.

Èyí tí n kì í sọ nìyí. Ọsibítù tó ti ṣẹlẹ̀, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ni, ọyẹ́ mú. Àwọn ẹbí ti kó aláìsàn wọn lọ, wọ́n ti dojú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì délẹ̀. Ó ku bàbá kan ṣoṣo ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Awakọ̀ kan ló bá a lójú ọ̀nà Ọbàjáná, tó gbé e wá. Egungun itan rẹ̀ ti kán, wọ́n ti so ìwọ̀n wúwo mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fi fa egungun náà, kò ṣeé gbé kúrò. Kò gbọ́ èdè wa ju díẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí èèyàn rẹ̀ wà. Àwa mátírọ́ọ̀nù méjì la pín in láàárín ara wa, èmi gba òru.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń pa fìtílà tábìlì, ó pè mí. Ó ní kí n sọ fún ẹni yẹn kó jókòó. Mo ní, ẹni wo? Ó nawọ́ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní láti ìrọ̀lẹ́ ló ti wà lórí ìdúró, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo wo ibẹ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń mì díẹ̀díẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Tí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, ibà là ń kọ́kọ́ wò. Mo wò ó, ara rẹ̀ ò gbóná. Mo wá kọjú síbẹ̀, mo ní, "Ẹ jókòó, bàbá." Ó ní kò sí àga. Mo lọ gbé ọ̀kan wá láti ibi tábìlì nọ́ọ̀sì. Ó dúpẹ́, ó sùn.

Bó ṣe rí lálaalẹ́ nìyẹn. N ò bi í mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ le sí i, mo fún un ní bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa kan tó ti gbó, á máa fa fọ́nrán rẹ̀ yọ níkọ̀ọ̀kan, á máa sọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sí apá ibi tí àga wà. Ẹsẹ̀ mi máa ń dùn mí tó bá di ìdájí. Àga kan ṣoṣo tó wà nítòsí nìyẹn, èkejì ti kán. Orí bẹ́ẹ̀dì òfìfo ni mo ń jókòó sí.

Ní ọjọ́ kọkànlá, àwọn àbúrò rẹ̀ dé láti òkè Ọya, wọ́n tó márùn-ún, pẹ̀lú ìkòkò àti ẹní, ariwo sì sọ. Inú bàbá náà dùn tó fi sunkún. Ọmọdékùnrin kan wà lára wọn tó ti rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wo yàrá yíká, ó rí àga, ó ń lọ síbẹ̀. Bàbá ò rí i, ojú rẹ̀ wà lára àbúrò rẹ̀. Ẹnu mi ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ náà pé, "Rárá o, ẹnì kan ti wà níbẹ̀."